Tíkẹ́ẹ̀tì Ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti Ètò Oúnjẹ Káńsù

Láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni gbólóhùn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìpàdé kan ni mo ti gbọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn káńsù wa nílẹ̀ Ọ̀kun níbí, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, pe àwọn ará ìlú jọ pé àwọn fẹ́ ṣe ètò tí oúnjẹ yóò fi pọ̀ nígboro, tí yóò fi dé ọwọ́ olówó àti mẹ̀kúnnù, tí kò sì ní ba ilẹ̀ àti omi jẹ́ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Inú mi dùn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìjọba ń pe èèyàn sí ọ̀rọ̀ ikùn láìsí àpò ìrẹsì nílẹ̀ àti ẹni tó ń ya fọ́tò.

Wọ́n sọ̀rọ̀ ajílẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ katakata, wọ́n sọ̀rọ̀ irúgbìn àgbàdo tó ń tètè gbó. Ẹnì kan dìde pé kí káńsù máa ra ìrẹsì ní Èjìbà, kí wọ́n máa pín in fún àwọn opó, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kí ìpàdé tú ká ni ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan tó jókòó lẹ́yìn pátápátá na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá o. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ńkọ́?" Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ọjà wọlé ló ń sọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń darí ìpàdé fi ọ̀wọ̀ dá wọn lóhùn pé, "Màmá, a gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé fún káńsù ni. A máa pe ìpàdé tiẹ̀ lọ́tọ̀."

Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Mo gbé e lọ sílé, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo tún gbé e lọ sọ́jà. Bí mo ṣe ń rò ó tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dá mi lójú sí i pé ìyá yẹn nìkan ló sọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ́jọ́ náà.

Àpò ajílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọjà

Ọjà ọrọọrún ni tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí oúnjẹ ṣe ń wọ ìlú, kó má lọ lọ́sàn-án nígbà tí gbogbo nǹkan ti wà lórí àtẹ. Kó lọ ní ìdájí, kó dúró níbi tí ọ̀nà oko ti pàdé ẹnu ọ̀nà ọjà. Mo lọ dúró níbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn.

Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló ń kọ́kọ́ dé. Láti àkùrọ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀, ọpọ́n lórí, àwọn mìíràn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú, gbọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ní ìdì-ìdì, ewé kókò tútù lórí wọn kí wọ́n má baà rọ. Ọmọkùnrin kan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé tíkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ abíyá, báírò lẹ́yìn etí. Àpò ajílẹ̀ kan tó ṣófo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ tẹ́ ẹ jókòó ni.

Obìnrin kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sọ ọpọ́n kalẹ̀, ó kí i bí a ṣe ń kí ara wa níbí.

"Ọ̀kun o."

"Ọ̀kun, ìyá. Owó ọjà dà?"

"Mi ò tíì tà, ọmọ mi. Bí mo bá tà, mo máa fún ọ."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Kò pariwo mọ́ ọn, kò sì tì í. Ó kàn fi ẹsẹ̀ sún àpò yẹn síwájú ni. Obìnrin náà kò béèrè ìdí. Ó ṣí ewé kókò, ó yọ ìdì ṣọkọ méjì àti ìdì tẹ̀tẹ̀ kan, ó jù wọ́n sínú àpò, ó gbé ọpọ́n rẹ̀ rù, ó wọlé. Ọmọkùnrin náà kò já tíkẹ́ẹ̀tì kankan fún un. Owó kò wọlé, kí ni wọ́n fẹ́ já tíkẹ́ẹ̀tì sí?

Kò pẹ́ ni píkọ̀ọ̀pù kan dé, iṣu kún un débi pé táyà rẹ̀ fẹ́ẹ̀ fẹ̀ sílẹ̀. Dírẹ́bà na owó láti ojú fèrèsé, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ọmọkùnrin náà já tíkẹ́ẹ̀tì kan fún un. Iye kan náà tó ń gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni, àwọ̀ ìwé kan náà.

Nígbà tí oòrùn fi là, àpò ajílẹ̀ náà ti kún dé ìdajì: ẹ̀fọ́, ilá, ata rodo tí wọ́n dì sínú ewé, àgbálùmọ̀ mélòó kan. Obìnrin olóúnjẹ kan wá, òun àti ọmọkùnrin náà nájà díẹ̀, ó sì gbé e lọ. Bí owó ìjọba ṣe di ọbẹ̀ ní búkà nìyẹn. Lọ́sàn-án, agbowó mìíràn ń yí ọjà ká, ó ní kí ẹlẹ́fọ̀ọ́ àárọ̀ yẹn fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ hàn òun. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa parí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹlẹ́fọ̀ọ́ bá ru ogún ìdì wá, tí mẹ́ta lọ lẹ́nu ọ̀nà, 15 nínú 100 ọjà rẹ̀ ti lọ kó tó ta kọ́bọ̀. VAT, owó-orí orí ọjà tí gbogbo wa ń ráhùn lé lórí ní Nàìjíríà, 7.5 nínú 100 ni, òfin sì ti yọ iṣu, ẹ̀fọ́, ata àti irú oúnjẹ tútù bẹ́ẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, nítorí ẹni tó bá bu owó-orí lé oúnjẹ, mẹ̀kúnnù ló bù ú lé. Ohun tí wọ́n yọ lókè lọ́hùn-ún, ẹnu ọ̀nà ọjà wa ti dá a padà ní ìlọ́po méjì, kò sì sí ìwé kankan tó fi hàn pé ó ṣẹlẹ̀. Oníṣu ńkọ́? Nínú ẹrù píkọ̀ọ̀pù kan, owó tíkẹ́ẹ̀tì kò tó iye iṣu ẹyọ kan.

A máa ń sọ pé ìka ò dọ́gba, a sì máa ń fi í tu tálákà nínú. Lẹ́nu ọ̀nà ọjà nìkan ni mo ti rí i tí gbogbo ìka dọ́gba.

Ohun tó wà lọ́wọ́ káńsù gan-an

Ajílẹ̀ àti katakata wúlò, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ni owó ńlá irú ìyẹn wà. Ohun tí òfin fi lé káńsù lọ́wọ́ yàtọ̀. Ẹ ṣí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹ wo Àfikún Kẹrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ọjà, odò ẹran, gáréèjì ọkọ̀, ojú pópó inú ìlú, kíkó pàǹtírí, ṣọ́ọ̀bù, búkà, ilé búrẹ́dì àti gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún ará ìlú. Ní ti iṣẹ́ àgbẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé káńsù yóò bá ìpínlẹ̀ kópa nínú rẹ̀. Káńsù ló ni ọjà. Oko, àjọṣe ni. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ oko la fi gbogbo ìpàdé yẹn sọ, ọ̀rọ̀ ọjà la sún sí ọjọ́ mìíràn.

Ní 1998 ni òfin kan jáde tó to àwọn owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà lẹ́sẹẹsẹ. Owó ọjà wà lára ti káńsù, nítorí náà mi ò sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì kò bófin mu. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ẹnikẹ́ni, títí kan àjọ agbowó-orí ìjọba, kò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà láti gba owó-orí. Ẹ bá mi bi àwọn awakọ̀ tó ń kó iṣu láti Yàgbà lọ sí Àbújá bóyá wọ́n ti gbọ́ òfin yẹn rí.

Ní 11 Oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé owó káńsù láti àpò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ káńsù ní tààrà. Ìdájọ́ yẹn ni wọ́n ń tọ́ka sí níbi gbogbo báyìí tí wọ́n bá ń ṣèlérí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó dé, bí owó kò dé, ìwé tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ wọn lónìí, kò sì sí gómìnà tó ní kí ọpọ́n ẹ̀fọ́ san iye tí píkọ̀ọ̀pù ń san. Ibi pẹlẹbẹ la ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Tíkẹ́ẹ̀tì ni ibi pẹlẹbẹ.

Ẹ tún wo irú àkókò tí a wà. Láti ìgbà tí ìbẹ̀rù ajínigbé ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò ní oko jíjìn, ní Bùnú, ní Yàgbà, ní Ìjùmú, oko etílé àti àkùrọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé, ìyẹn níbi tí igi kajú kò bá tíì gba ilẹ̀ tán. (Mo fẹ́ràn owó kajú bíi gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n a kò lè fi kóró kajú gún iyán.) Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, obìnrin tó ń fi agolo bomi rin àkùrọ̀ ló ń fún ọbẹ̀ ìgboro ní ẹ̀fọ́. Bí kò bá rí èrè níbẹ̀, ó máa fi í sílẹ̀, àwa náà á wá máa dúró de ata àti tòmátì láti òkè Ọya, ní iyekíye tí owó epo ọkọ̀ bá pè é.

Ìlú kan ní Bràsíìlì

Belo Horizonte ni orúkọ ìlú náà, olú ìlú ìpínlẹ̀ Minas Gerais. Àwọn èèyàn ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, nítorí náà ẹ má sọ pé mo fi Kàbà tàbí Ìsánlú wé e. Ní 1993, olórí ìlú tí wọ́n dìbò yàn, Patrus Ananias, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ nínú ìjọba ìlú fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan. Ohun tí wọ́n gbé e kà ni pé oúnjẹ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí ilé oúnjẹ kan tí ẹnikẹ́ni ti lè jẹun gbígbóná lówó pọ́ọ́kú, akọ̀wé àti alábàárù lórí tábìlì kan náà. Ilé oúnjẹ yẹn ni àwọn àlejò máa ń lọ ya fọ́tò rẹ̀.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba ìlú náà wo àwọn àyè tó jẹ́ tiwọn láàárín ìgboro, níbi tí èrò ń gbà. Wọ́n fún àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ní díẹ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n máa fọwọ́ ara wọn ta irè oko wọn, láìsí alágbàtà láàárín. Wọ́n fún àwọn oníṣòwò ní díẹ̀ mìíràn, pẹ̀lú àdéhùn: nǹkan bí ogún irú oúnjẹ wà tí ìjọba yóò dá iye wọn, tí yóò dín sí ti ọjà, ìyókù, kí oníṣòwò tà á bó ṣe wù ú. Àwọn tó gba àyè tó dáa jù gbọ́dọ̀ tún fi ọkọ̀ kó ọjà lọ sí àdúgbò àwọn tálákà tó jìnnà sí ìgboro ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìjọba kò ra àpò ìrẹsì kan láti ṣe èyí. Àyè ni wọ́n ní, àyè ni wọ́n fi dúnàádúrà.

Wọ́n tún ṣe ohun kan tí kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀. Àwọn àti àwọn olùwádìí yunifásítì jọ ń yẹ iye owó ohun oúnjẹ àti ohun èlò ilé 45 wò káàkiri àwọn ilé ìtajà, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdó bọ́ọ̀sì, wọ́n ń kà á lórí rédíò, kí ará ìlú mọ ibi tí nǹkan gbé dínwó àti ẹni tó fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Gbogbo ètò náà lápapọ̀ kò tó 2 nínú 100 owó tí ìlú náà ń ná lọ́dún. Nígbà tí àwọn ìlú tó lé ní 100 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí oúnjẹ ìgboro ní Milan, ní Ítálì, ní Oṣù Kẹwàá 2015, ó ti lé ní ogún ọdún tí àwọn wọ̀nyí ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Bràsíìlì kò fi mọ sí ìlú kan ṣoṣo. Ní 2009, òfin wọn sọ pé ó kéré tán, 30 nínú 100 owó oúnjẹ ọmọ iléèwé tó ń ti àpò ìjọba àpapọ̀ wá gbọ́dọ̀ lọ sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Àwa náà ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ iléèwé kan ní 2016 fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní dé ìkẹta ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àlàyé tí wọ́n sì ṣe ni pé irè oko àdúgbò ni wọ́n á máa fi sè é. Káńsù tó bá ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè bi àwọn alásè pé: ọ̀dọ̀ ta lẹ ti ń ra ẹ̀fọ́?

Alárọ́bọ̀ kì í ṣe olè

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: alárọ́bọ̀ ló ń sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, kí káńsù lé wọn. Mi ò fara mọ́ ọn. Obìnrin tó ń ti abúlé dé abúlé kó iṣu jọ, tó san owó ọ̀kadà, tó san owó alábàárù, tí ọkọ̀ tún bàjẹ́ mọ́ lọ́nà tí iṣu sì ń jẹrà lójú rẹ̀, iṣẹ́ ló ṣe. Iṣu wa tó ń lọ sí Àbújá àti Èkó náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òun ló ń san owó iléèwé ọmọ ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ibi tí alárọ́bọ̀ ti ń pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ ni kí a wò. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ti mọ̀ pé wọ́n máa yọ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà, kí ló máa ṣe? Ó máa ta gbogbo ọpọ́n rẹ̀ lójú ọ̀nà oko, ní iye tí ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ bá pè é, á sì yí padà sílé. Mo rí àwọn tó ń ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọn kò tilẹ̀ dé ibi tí mo dúró sí. Ẹni tó ra ọpọ́n márùn-ún jọ yóò san tíkẹ́ẹ̀tì kan, yóò dá iye tó wù ú lé e nínú ọjà, àwa yóò sì máa bú u. Tíkẹ́ẹ̀tì ló bí i.

Omi ìsàlẹ̀ odò ẹran

Wọ́n ní ètò náà kò ní ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Ẹ bá mi sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn ọjà. Pèpéle sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ti ń dú màlúù wà lókè. Tí wọ́n bá kun ẹran tán, wọn á fi omi ṣan ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ inú ìfun sínú gọ́tà, gọ́tà á sì já sódò. Ní ìsàlẹ̀, kò jìnnà rárá, obìnrin kan ń fi agolo bu omi odò yẹn wọ́n ẹ̀fọ́. Ẹ̀fọ́ náà tutù yọ̀yọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a lọ́jà. Èmi náà ń rà á.

Ìgbẹ́ màlúù, èèpo iṣu, ewé tó ti rọ: gbogbo ohun tó lè di ajílẹ̀, a dà á sómi, a wá jókòó nínú gbọ̀ngàn pé ajílẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle yẹn, tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ sí i kó jẹrà dáadáa kí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó wá kó o, iṣẹ́ ọkùnrin mélòó kan fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Kò gba kọ̀ńtíráàtì, bóyá ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi rántí rẹ̀ nìyẹn.

Ta ló máa san án?

Mo gbé ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì tọ kánsílọ̀ kan lọ, ẹ̀gbọ́n mi ni, inú ìjọ kan náà la wà. Wọ́n tẹ́tí gbọ́ mi dáadáa. Wọ́n ní, "Àbúrò, òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ti san owó ọdún kalẹ̀. Bí a bá ní kí ọpọ́n orí má san mọ́, ó máa ní ká dá owó òun padà."

Bó ṣe rí nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ọjà. Ẹnì kan á san owó kan sílẹ̀ fún ìjọba, ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá rí gbà lé e lórí jẹ́ èrè rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ní iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó wálé lójúmọ́, àpò ajílẹ̀ sì ni owó iṣẹ́ tiwọn. Nínú ìwé káńsù, ẹ̀fọ́ kò wọlé rí. Owó tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ ń san kò ṣe gọ́tà, kò kọ́ àtíbàbà, kò ra ìgbálẹ̀ kan fún ọjà náà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ san ti ọkọ̀, kí kẹ̀kẹ́ Màrúwà san ti kẹ̀kẹ́, kí ohun tí èèyàn bá rù lórí wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tí ẹ bá fi kún ti ọkọ̀ máa bo ti ọ̀pọ̀ ọpọ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àwọn tó ni ọkọ̀ ló ń bá wa ná owó ìdìbò." Mo dúpẹ́ pé wọn kò parọ́ fún mi. Wọ́n ní tí ọdún àdéhùn yìí bá parí, àwọn á gbé e kalẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí tuntun. Mo ti fi ọjọ́ náà sọ́kàn.

Ohun tó ń kán mi lójú jù báyìí ni àwọn ṣọ́ọ̀bù tuntun tí káńsù ń kọ́ sọ́jà wa. Wọ́n ti kan òrùlé wọn, ojú títì ni wọ́n kọjú sí, kò sí àyè tó dáa tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjà náà. Ìsinsìnyí ni káńsù ní ohun tí yóò fi dúnàádúrà: kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹni tó bá gba ṣọ́ọ̀bù iwájú yóò máa ta gàrí, ẹ̀wà àti epo pupa ní iye tí a bá jọ fẹnu kò sí, kí wọ́n sì fi àyè kan sílẹ̀ níwájú, lábẹ́ òrùlé, fún àwọn tó ń ru ọpọ́n ti oko bọ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó gbà á, ta ló tún máa gbọ́ àdéhùn?

Wọ́n ti ń ta fọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo gba ọ̀kan kà. Wọ́n béèrè orúkọ, àdúgbò, báńkì, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì àti orúkọ ẹni tó máa dúró fúnni. Kò sí ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tí olúwarẹ̀ fẹ́ tà. Mo ti kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi kánsílọ̀ pé kí wọ́n bá wa fi ìlà kan yẹn kún un kí títà fọ́ọ̀mù tó parí.